Agbọ́n Ilé Wa àti Oyin Ìbẹ̀fún

Abẹ́ òrùlé fàráńdà wa ni àwọn agbọ́n náà kọ́lé sí, ní igun tó kọjú sí títì, lókè ibi tí mo máa ń gbé máṣìnì mi sí. Télọ̀ ni mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ránṣọ ní fàráńdà ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, nítorí náà mo mọ àwọn agbọ́n yẹn bí ẹni mọ aládùúgbò rẹ̀. Mo rí ìgbà tí ẹyọ kan ṣoṣo kọ́kọ́ dé. Ara férémù fèrèsé ni ó bà lé, tó ń fi ẹnu ha igi, tó ń gbé ohun tó ha lọ sókè, tó ń fi mọ nǹkan díẹ̀díẹ̀. Kò pẹ́, nǹkan náà fẹ̀ bí agboorun ọmọdé tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀, àwọn yòókù sì dé. Bí wọ́n bá ń fò kọjá lórí mi, ẹsẹ̀ wọn a rọ̀ sílẹ̀ gbọọrọ, ìbàdí wọn a rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni pé òwú ni wọ́n fi so àyà mọ́ ìdí. Èmi a ká èjìká kò, ẹsẹ̀ mi a dúró lórí máṣìnì, n kò ní rán nǹkan kan títí wọn yóò fi kọjá.

Ẹ̀rù tètè máa ń bà mí. Láti kékeré ni mo ti rí bẹ́ẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá dún lásán, ọkàn mi á ti sáré dé ibi tó burú jù.

Ọkọ mi kò rí bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni ó ṣe ní Òdógbólú títí ó fi fẹ̀yìn tì, bó sì ṣe fẹ̀yìn tì tán ló ní òun fẹ́ máa sin oyin. Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Ṣùgbọ́n ó lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹnì kan ní Ìjagun, ó kan àwọn àpótí onígi, ó kó wọn lọ sí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ní Ìbẹ̀fún, láàárín àwọn igi kòkó àtijọ́, oyin sì wọ inú wọn. Láti ìgbà náà, bí a bá jókòó jẹun, ọ̀rọ̀ oyin ni. Òórùn èéfín kì í kúrò lára aṣọ rẹ̀. Oyin ti ta á lọ́pọ̀ ìgbà. Á dé sílé, á na ọwọ́ tó wú sí mi, á sì máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gba ẹ̀bùn bọ̀.

Mo bá a sọ̀rọ̀ agbọ́n yẹn. Bàbá Ìbejì ni mo máa ń pè é, torí ìbejì ni a bí, àwọn méjèèjì sì wà ní ilé ìwé gíga ní Abẹ́òkúta.

"Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká wá ẹni tó máa bá wa kó àwọn agbọ́n yìí kúrò."

"Kí ni wọ́n ṣe fún ọ?"

"Wọn ò tíì ṣe nǹkan kan. Ṣé ó dìgbà tí wọ́n bá ṣe é?"

"Fi wọ́n sílẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́ rẹ lẹ́yìnkùlé ni wọ́n ń pa fún àwọn ọmọ wọn. Bí o kò bá ti fọwọ́ kàn wọ́n, wọn ò ní wá ọ wá."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wà níbẹ̀.

Ó di ọjọ́ Sátidé kan tí Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọmọ fẹ́ wálé, gílóòbù fàráńdà sì ti jó, ọkọ mi ní òun máa pààrọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó dé. Ó gbé àkàbà ti ògiri. Mo ní kó gbé e síwájú díẹ̀. Ó ní òun mọ ohun tí òun ń ṣe. Ó gun òkè, ó na ọwọ́, orí àkàbà sì yẹ̀, ó lọ gbá ilé agbọ́n náà.

N kò rí wọn tí wọ́n jáde. Ariwo rẹ̀ ni mo gbọ́. Ó fo sílẹ̀ láti àárín àkàbà, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá ọrùn rẹ̀, a sì jọ sá wọ pálọ̀, mo ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ti ta á lọ́rùn, lẹ́yìn etí, àti lójú. Ó jókòó sórí àga, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n gbóná ju oyin mi lọ o!"

Mo lọ gé àlùbọ́sà wá, mo ń fi ra ibi tí wọ́n ti ta á. Mo ń kùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ra ṣòkòtò rẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, àtẹ́lẹwọ́ mi ń yún mi."

"Ṣé wọ́n ta yín níbẹ̀ náà ni?"

"Rárá. Ọrùn ni wọ́n ti ta mí."

Mo wo ọwọ́ náà. Ó pọ́n. Mo gbé aṣọ rẹ̀ sókè, mo rí i pé àyà rẹ̀ ti lé, nǹkan pupa fẹ̀ káàkiri ibi tí agbọ́n kankan kò dé. Mo ní kó dìde ká lọ sí ọsibítù. Ó ní kí n fara balẹ̀, pé ó máa rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn tó fi sọ ọ́ ti yí padà. Ó dà bí ohùn ẹni tó gbé iṣu gbígbóná sẹ́nu. Ètè rẹ̀ ti ń wú lójú mi. Nígbà tó tún fẹ́ sọ̀rọ̀, àyà rẹ̀ ń dún bí fèrè, ó sì na ọwọ́ sí mi, kì í ṣe láti fi han mí lọ́tẹ̀ yìí, ó fẹ́ kí n di òun mú ni.

Mo sá jáde láìwọ bàtà. Òdìkejì títì ni ìyá kan ń gbé, tó ti fìgbà kan jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mọ́mì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Òun nìkan ni mo mọ̀ pé mọ́tò rẹ̀ wà nílé. Mo gbá géètì rẹ̀, mo ń ké, "Mọ́mì, ẹ gbà mí! Bàbá Ìbejì ò lè mí mọ́!" Kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Kọ́kọ́rọ́ ló kọ́kọ́ mú, ó wá gbé gèlè sórí nígbà tí a ti wà lójú ọ̀nà.

Ní ọjọ́ mìíràn, Mọ́mì máa ń wa mọ́tò bí ẹni tó kó ẹyin sí mọ́tò. Lọ́jọ́ yẹn ó ń fun fèrè láti ẹnu ọ̀nà ilé wa títí dé ọsibítù. Èmi wà lẹ́yìn, orí ọkọ mi wà lórí itan mi, mo ń wo ẹnu rẹ̀. Ètè rẹ̀ ti kúrò ní ti èèyàn tí mo mọ̀. Àwọn ọlọ́kadà há wa mọ́ ìkóríta, Mọ́mì yọ orí síta, ó ní, "Ẹ dákun, ẹ̀mí ni mo gbé!" Wọ́n yà fún un. Mo ń pe orúkọ ọkọ mi gan-an, èyí tí n kì í pè. Ó kàn ń fún mi lọ́wọ́. Ó tún fún mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, n kò mọ̀ bóyá òun ló ń fún mi tàbí èmi ni mò ń fún un.

Wọ́n gbé e wọlé, wọ́n sì ní kí èmi dúró síta. Mọ́mì wá jókòó tì mí. Ó ń gbàdúrà tirẹ̀ lórúkọ Jésù, èmi ń ka èyí tó bá wá sí mi lẹ́nu nínú Kùránì, a di ọwọ́ ara wa mú. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sáré nínú yàrá náà. Mo gbọ́ nǹkan irin tó bọ́ sílẹ̀. Gbogbo ìró ni mo túmọ̀ sí ikú.

Nígbà tí dókítà jáde, ọmọdébìnrin kan ni, bóyá kò fi bẹ́ẹ̀ ju àwọn ìbejì mi lọ. Ó ní wọ́n ti fún un lábẹ́rẹ́, èémí rẹ̀ ti ń padà bọ̀ sípò. Mo kúnlẹ̀ kó tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Ẹ dìde, ma. Kí ló ta wọ́n?"

"Agbọ́n ni."

"Ṣé ó dá yín lójú? Kì í ṣe oyin?"

"Agbọ́n ni. Òkè orí mi ni wọ́n ń gbé. Àmọ́ ó ń sin oyin o, ní Ìbẹ̀fún. Oyin ti ta á tí kò ṣe é ní nǹkan kan."

Ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀, mo sì rí i. Ó jókòó tì mí, ó ṣàlàyé fún mi jẹ́ẹ́jẹ́. Ó ní oró agbọ́n yàtọ̀ sí oró oyin, pé ẹni tí ara rẹ̀ bá kọ ọ̀kan lè gba èkejì. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ara wọn kọ méjèèjì, àwọn kan sì wà tí ara wọn gba nǹkan fún ọdún púpọ̀ kó tó wá kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan. Àyẹ̀wò kan wà tó lè fi hàn, ṣùgbọ́n àwọn kò ní in níbí.

"Kí la máa wá ṣe?"

"Kí wọ́n yàgò fún ohun gbogbo tó ń tani. Tó bá sì ṣẹlẹ̀ pé nǹkan ta wọ́n, ẹ fún wọn ní oògùn tí màá fún yín, ẹ má sì dúró wò ó. Ibí ni kẹ́ ẹ máa gbé wọn bọ̀."

Ọkọ mi sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ojú rẹ̀ wú débi pé nígbà tí àwọn ìbejì dé láti Abẹ́òkúta tí wọ́n lọ wò ó, èyí obìnrin bú sẹ́kún lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló wá bá wa yọ ilé agbọ́n náà. Àgbẹ̀ ni, Ìbẹ̀fún ló ń gbé. Ó dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn tí ọkọ mi ti padà sílé, ó fín oògùn kòkòrò sí wọn títí wọ́n fi ń já bọ́, ó gé ilé náà kúrò pẹ̀lú ọ̀bẹ, ó sì gbé e sórí tábìlì mi.

"Ìyàwó wa, òun nìyí. Kò lè ṣe nǹkan mọ́."

Mo rò pé inú mi máa dùn. Mo gbé e sọ́wọ́, ó fúyẹ́ bí ìwé. Afárá oyin kan wà ní kíṣínì mi nínú abọ́, èyí tí ọkọ mi gé wá kó tó ṣàìsàn. Mo lọ gbé e wá. Èyí wúwo, ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ó sì ń rùn bí òdòdó. Kò sí bí wọ́n ṣe jọra lọ́wọ́ rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kó méjèèjì sábẹ́ iná máṣìnì mi, mo rí i pé ihò tó wà lára wọn jọra. Igun mẹ́fà ni ihò agbọ́n ní, igun mẹ́fà náà ni ti oyin. Ìyẹn gan-an ló já mi láyà.

Mo mú agbọ́n kan tó ti kú, mo tẹ́ ẹ sórí aṣọ funfun. Oyin kan há sínú afárá náà, òun náà ti kú, mo fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́, mo tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Irun ló wà lára oyin, ó kúrú, ó sanra, ó dà bí ẹni tó wọ aṣọ òtútù. Ara agbọ́n ń dán, ó gùn, kò ní irun tó ṣeé rí. Èyí ń jẹ omi òdòdó nínú oko kòkó, èyí ń pa kòkòrò jẹ lẹ́yìnkùlé wa. Èyí fi ìda kọ́lé sínú òkùnkùn àpótí, èyí fi igi tó jẹ lẹ́nu kọ́ tirẹ̀ síta gbangba lójú èèyàn. Bí oyin bá tani, abẹ́rẹ́ ìdí rẹ̀ á kù sára ẹni, òun náà á sì kú. Agbọ́n lè tani, kó fò lọ, kó padà wá tún un ta.

Ọkọ mi jáde wá bá mi níbẹ̀. Ó ti rù díẹ̀.

"Ṣé o rí i báyìí? Wọn ò jọra. Oyin kì í ṣe agbọ́n."

"Mo rí i."

"Ara mi mọ oyin. Ó ti pẹ́ tí a ti jọ ń ṣe pọ̀."

"Ara yín ò mọ agbọ́n kẹ̀? Ṣebí abẹ́ ilé kan náà la jọ ń gbé?"

Mo kó òkú méjèèjì dànù.

Láti ìgbà náà, ìfọ̀kànbalẹ̀ kúrò nílé wa. Bí eṣinṣin bá ti kùn, ẹsẹ̀ mi á kúrò lórí máṣìnì. N kò jẹ́ kó ṣí fèrèsé. Mo máa ń gbọn aṣọ rẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́, mo ń yẹ inú bàtà rẹ̀ wò. Bó bá wúkọ́ ní balùwẹ̀, n óò ti wà lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá Ìbejì, ẹ sọ̀rọ̀ kí n gbọ́." Á ní, "Ọṣẹ ló kó sí mi lẹ́nu, obìnrin yìí!" Mo mọ̀ pé mò ń yọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n n kò lè fi í sílẹ̀.

Kò lọ sí Ìbẹ̀fún mọ́, torí mo sunkún. Kò bínú, ìbá sàn kó bínú. Ó kàn ń jókòó sójú kan, tó ń wo títì. Ọ̀rọ̀ oyin tó máa ń kún ẹnu rẹ̀ nídìí oúnjẹ dákẹ́, a sì ń jẹ ìkọ́kọrẹ́ bí àlejò méjì tó pàdé ní búkà.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é. Èmi ni mo gbé fóònù, ohùn rẹ̀ sì lọ sókè tí a jọ ń gbọ́ ọ. Ó ní àwọn àpótí náà ti kún, oyin ti ń ṣùpọ̀ sára igi, wọ́n fẹ́ kó lọ. Ó ní èèrà ti wọ ọ̀kan, gbogbo oyin inú rẹ̀ ti kú. Ọkọ mi gbọ́ ọ tán, ó wọ yàrá lọ. Mo tẹ̀lé e. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń tẹ́ ìbọ̀wọ́ tó fi ń ṣiṣẹ́ oyin sórí orókún rẹ̀.

N kò mọ ohun tó mú mi sọ ohun tí mo sọ. Bóyá torí ìbọ̀wọ́ yẹn ni.

"Ẹ jẹ́ kí n rán aṣọ mìíràn fún yín. Èyí tí ẹ ní yẹn ò dáa. Bí mo bá ti rán an tán, a máa jọ lọ."

Ó gbé ojú sókè. "Ìwọ? Lọ́dọ̀ oyin?"

"Èmi."

Mo ti rán aṣọ ìyàwó, mo ti rán aṣọ tí wọ́n fi ń joyè, ṣùgbọ́n n kò rán aṣọ kankan bí mo ṣe rán aṣọ oyin yẹn. Aṣọ funfun tó nípọn ni mo rà, mo fi ìtẹ́nú sí i lábẹ́ kó lè di ìlọ́po méjì. Mo fi rọ́bà sí ọrùn ọwọ́ àti ọrùn ẹsẹ̀. Mo so àwọ̀n mọ́ fìlà rẹ̀, mo fi síìpù dè é yí ọrùn ká. Mo rán ojú kọ̀ọ̀kan, mo tú u, mo tún un rán kó lè fún pinpin. Nígbà tí mo parí, mo gbé e sókè kí oòrùn lè gba inú rẹ̀ kọjá, mo ń wá ihò. N kò rí ìkankan, ọkàn mi kò sì balẹ̀ síbẹ̀.

Ìbẹ̀fún tutù ní àárọ̀ ọjọ́ tí a lọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti ń dúró dè wá, ó ti dáná sínú agolo èéfín tí wọ́n fi ń mú oyin rọlẹ̀. Mo bẹ ọkọ mi kó jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣí àpótí. Ó ní òun nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i tí oyin kò fi ní bínú. Mo fa síìpù rẹ̀ dé òkè, mo yí i ká, mo tẹ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wò, mo tẹ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Oògùn tí dókítà fún wa wà lọ́wọ́ mi, mo sì ti dì í mú débi pé páálí rẹ̀ ti fún.

Mo ń gbọ́ wọn láti ibi tí mo dúró. Ìró wọn kò dà bí ti agbọ́n. Agbọ́n kì í pariwo, ẹni tí kò bá wòkè kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ń hó bí omi orí iná, ìró náà sì lọ sókè nígbà tó gbé ìdérí kúrò. Wọ́n bò ó lórí, wọ́n bò ó léjìká. Ó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ láàárín wọn, mo sì rí i, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rù tó ń bà mí, pé ọkọ mi ni èyí, ẹni tí mo ti ń wá nínú ilé láti oṣù mélòó kan wá.

Ó gé afárá, ó kó o sínú ike, ó dé àpótí. Ó ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ó kù díẹ̀ kó dé nígbà tó dúró, tó tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìyá Ìbejì," ó ní, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ púpọ̀, "ó ti ta mí."

Ó ti fẹsẹ̀ kọ igi kan tó wà nílẹ̀ láàárín koríko, rọ́bà ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti fà sókè kúrò lórí bàtà. Oyin kan péré ló gba ibẹ̀ wọlé. Mo wólẹ̀ nídìí ẹsẹ̀ rẹ̀, mo bọ́ bàtà náà, mo rí abẹ́rẹ́ dúdú kékeré tó wà ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, nǹkan bí àpò tíńtín sì wà lórí rẹ̀ tó ń mí bí ohun alààyè. Mo fi èékánná ha á kúrò. Oyin mìíràn ń fò yí orí mi ká. N kò tilẹ̀ ká èjìká kò.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wa mọ́tò. Àwa méjèèjì wà lẹ́yìn. Mo ti fún un ní oògùn, mo sì ń wo ètè rẹ̀.

"Ẹ sọ̀rọ̀."

"Kí ni kí n sọ?"

"Ohunkóhun. Kí n ṣáà máa gbọ́ ohùn yín."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn pátákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ó ka ti ilé ìjọsìn, ó ka ti ilé ìwé, ó ka ti àwọn tó ń ta búlọ́ọ̀kù. Bí kò bá sí pátákó, á ka Fátíhà. Mo ń fi etí wọn ohùn náà bóyá ó ti ń nípọn. Ní ìgbà kan ó dà bíi pé ó nípọn, mo kígbe, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì tẹ mọ́tò náà sí i. Eruku ló kó sí i lọ́fun. Mo yẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wò, kò pọ́n. Mo tún un wò. Mo gbé aṣọ àyà rẹ̀ sókè nínú mọ́tò tó ń sáré, láìwo ojú ẹ̀gbọ́n ọkọ mi nínú dígí iwájú.

A dé ọsibítù, wọ́n fi wá sórí bẹ́ǹṣì nínú yàrá kan tí nọ́ọ̀sì lè máa wò ó. Wọ́n ti gbé abẹ́rẹ́ sí ìtòsí. A jókòó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ọrùn ẹsẹ̀ náà tóbi bí ọsàn. Kò sí ohun mìíràn tó wú. A jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ kúrò lójú fèrèsé. Dókítà kékeré ọjọ́sí kọ́ ló wà níbẹ̀, ọkùnrin kan ni. Ó gbọ́ àyà rẹ̀, ó wo ọ̀fun rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ó jọ pé ara yín kò bá oyin jà."

"Ṣé ó ti tán nìyẹn?" èmi ni mo bi í.

"Tòní ti tán, ma. N kò lè sọ ti ọ̀la."

Ó jáde. Mo yíjú sí ọkọ mi, mo rò pé màá rí ẹ̀rín rẹ̀ àtijọ́, pé ó máa ní, ṣebí mo ti sọ fún ọ. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo rí. Ó fi méjèèjì di etí bẹ́ǹṣì mú pinpin, bí ẹni pé mọ́tò ṣì ń sáré.

"Nígbà tó ta mí," ó ní, "mo rò pé ó ti parí. Bí mo ṣe ń ka pátákó yẹn, mò ń sọ nínú ara mi pé èyí ni màá kà kẹ́yìn. Ìyá Ìbejì, láti ọjọ́ agbọ́n yẹn ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Ẹ̀rù ń bà mí ju ìwọ lọ."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ta ni màá sọ fún? Ìwọ tó o ti ń gbọn aṣọ mi?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì ń sunkún. Mo gbé ọwọ́ mi lé ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi jọ̀wọ́ bẹ́ǹṣì náà.

Kò ta àwọn àpótí náà. Mo ti rò pé yóò tà wọ́n, mo sì ti ń dúró dè é. Ohun tó ṣe ni pé ó kó aṣọ funfun náà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo sì tú itan rẹ̀, mo fẹ̀ ẹ́, torí ẹ̀gbọ́n sanra jù ú lọ. Ẹ̀gbọ́n ló ń ṣí àpótí báyìí. Ọkọ mi máa ń lọ, èmi náà sì máa ń bá a lọ. Inú mọ́tò la máa ń wà lábẹ́ igi, gbogbo gíláàsì rẹ̀ wà ní títì, ooru ń mú wa, fóònù wà létí ọkọ mi. Bí ẹ̀gbọ́n bá gbójú sókè, ó lè rí wa. Síbẹ̀ orí fóònù ni wọ́n ti ń pariwo mọ́ ara wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra! Ẹ má gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan náà! Ẹ fín èéfín sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́!"

"Mo ti fín in!"

"Ẹ tún un fín!"

Èmi kì í dá sí i. Ojú gíláàsì ni mo máa ń wò, torí àwọn oyin máa ń wá bà lé e níta, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, wọ́n á máa rìn lọ sókè lára rẹ̀. Mo máa ń fi ìka tẹ etí gíláàsì náà yíká, bóyá ó kù síbì kan tí kò dé dáadáa.